Ohùn Tó Wà Létí Àwo

Kò sí tìmùtìmù tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Onítìmùtìmù tí ìyá fúnra rẹ̀ kò ní kọ́kọ́ jókòó lé. Bó ṣe ń dán iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò nìyẹn, láti ìgbà tó wà lọ́mọge tí ìdí rẹ̀ kò tíì ju ìkúùkù méjì lọ, títí di ìsinsìnyí tí ìdí náà ti di ohun tí àdúgbò fi ń júwe ilé fún àlejò. Á ki òwú sínú àpò aṣọ, á fi igi tì í dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á rán ẹnu rẹ̀ pa, á gbé e ka orí bẹ́ńṣì, á kẹ̀yìn sí i, á wá jókòó gbì! Bí òwú bá ṣù jọ síbì kan, ìdí á sọ fún un. Bí ojú rírán bá máa já, kó kúkú já níbẹ̀, kó má lọ já lábẹ́ oníbàárà. "Ojú lè purọ́," ló máa ń wí, "ọwọ́ náà lè purọ́. Ìdí kì í purọ́."

Ìdí tí kì í purọ́ yìí náà ló wá ṣe é ní ohun tí ọ̀tá kò lè ṣe é.

Ọkọ rẹ̀ ta gìtá nígbà èwe, gìtá olóhùn ńlá, èyí tó jẹ́ pé ikùn ni èèyàn fi ń gbọ́ ọ, kì í ṣe etí. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe àwo orin kan ṣoṣo, àwo náà tà níwọ̀nba, lẹ́yìn náà ni ayé fọ́n wọn ká. Ọ̀kan di awakọ̀, ọ̀kan di káfíńtà, ọkọ tirẹ̀ di atúnbàtàṣe, ó so gìtá kọ́ ara ògiri, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni o, kò sì gbéra ga. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Bó bá sọ gbólóhùn kan láàárọ̀, ó tó o di alẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ tàwọn méjèèjì, tó tún ń bá àwọn aládùúgbò sọ tiwọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kì í yẹ̀ lẹ́nu ọkọ yìí. Nígbàkigbà tí ìyàwó rẹ̀ bá ti fẹ́ jáde nílé, á gbójú sókè lára bàtà tó ń rán, á ní, "Rọra o." Ó sì nídìí tó fi ń wí bẹ́ẹ̀. Ìyá Onítìmùtìmù kì í rìn bí èèyàn. Ṣe ló máa ń já lu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n ní ilé rẹ̀ ń jó. Korobá wo ni kò tíì ta nípàá rí? Ẹnu ọ̀nà wo ni kò tíì fi orí gbá? "Rọra o," ọkọ rẹ̀ á wí, yóò sì tún dojú kọ bàtà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló wà nínú àwo. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan okùn gìtá, ohùn ọkọ rẹ̀ á jáde, ohùn tó wúwo tó sì tutù bí omi inú àmù: "Ó yá. Ẹ rọra o." Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá wí, nítorí wọ́n fẹ́ràn àtimáa fi orin sáré. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gìtá á wá gbà á.

Nígbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlu ọkùnrin náà, ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ tì. Ó gbé ọdún mélòó kan láyé láìsọ nǹkan kan, á kàn máa fi ojú sin ìyàwó rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá á dúró síbẹ̀ díẹ̀, á ní, "Mo ti gbọ́, màá rọra," nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó wá kú, fọ́tò rẹ̀ wà nílé, òòlù rẹ̀ wà, àga rẹ̀ wà pẹ̀lú ihò tó fi ìjókòó gbẹ́ sáàárín rẹ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan ni kò sí níbì kankan, àfi létí àwo náà. Ẹ ó ní fóònù ńkọ́? Fóònù bó bá ti dún, ṣe ló máa ń nà án sí ìyàwó rẹ̀ bí ẹni pé ó gbóná.

Nítorí náà, láràárọ̀, kí Ìyá Onítìmùtìmù tó bu omi sójú, á gbé abẹ́rẹ́ giramafóònù lé etí àwo. "Ó yá. Ẹ rọra o." Gìtá á kù díẹ̀ kó dún, á ti gbé abẹ́rẹ́ kúrò.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ tí wọ́n jọ ń gbé, á kígbe láti inú yàrá: "Màámi, ẹ jẹ́ kí orin yẹn tiẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé yìí!"

"Orin wo? Ẹni tí mo wá rí ti kí mi. Kí ni mo tún ń dúró ṣe?"

Báyìí ló ń lọ títí di ọjọ́ tí òjò jò wọlé. Ìyá ń wá ibi tí yóò gbé àwo náà sí. Orí tábìlì tutù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tutù. Ó wá ro iṣẹ́ ara rẹ̀. Kí ló tún rọ̀, kí ló tún gbẹ, tó àárín tìmùtìmù méjì? Ó rọra tẹ́ àwo sáàárín wọn lórí bẹ́ńṣì, ó rọra pàápàá, ọkọ rẹ̀ ì bá rí i kó yìn ín. Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà kan já wọlé, ó ń kánjú, ó ní ọkọ̀ ń dúró de òun. Ìyá tún ojú tìmùtìmù ṣe, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bú oníbàárà pé ìkánjú kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ jinná, ó kẹ̀yìn sí bẹ́ńṣì bó ti ń ṣe láti ogójì ọdún, ó sì jókòó.

Kà!

Ó kọ́kọ́ rò pé egungun ìbàdí òun ni. Nígbà tó dìde tó rí i pé egungun òun pé, ó dùn ún.

Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ta ló kìlọ̀ fún un pé èèyàn lè jókòó lé e? Bó ṣe ń sọ ọ́ fún àdúgbò nìyẹn, tí gbogbo wọn ń di ikùn mú. "Ọkọ mi kò lu mí rí láyé, èmi ni mo wá fi ìdí pa á lẹ́ẹ̀kejì!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á bọ́ lójú wọn, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ìyá á wá kù nìkan pẹ̀lú bẹ́ńṣì. Láti ọjọ́ náà, kó tó jókòó lé tìmùtìmù, á kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, á máa fọwọ́ wá a kiri bí ẹni tó ń wá ọmọ ọwọ́ lórí ibùsùn.

Ó kó àfọ́kù àwo náà sínú àpò, ó gbé e lọ bá Tẹ́ẹ́rẹ́.

Tẹ́ẹ́rẹ́ ló ni ṣọ́ọ̀bù àwo orin tó wà ní ìsàlẹ̀ títì, láàárín onígbàjámọ̀ àti ẹni tó ń ta awò ojú. Ara rẹ̀ ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: bó bá yí ẹ̀gbẹ́ sí ọ, o lè má rí i. Kò fẹ́ ìyàwó, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àtàǹpàkò kan ojú àwo. Etí àti àárín ló ń fọwọ́ mú un, á fi aṣọ fẹ́lẹ́ nù ún yíká, láti inú bọ́ sí òde, bí ìyá tó ń nu ojú ọmọ.

"Ṣé kò sí gọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń lẹ̀ ẹ́?" Ìyá bi í léèrè.

Tẹ́ẹ́rẹ́ wo inú àpò. Ó ṣí fìlà lórí.

"Má ṣí fìlà fún mi, òkú kọ́," ni Ìyá wí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àbí òkú ni?"

"Màámi, àwo yìí ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Bó bá wà lórí ilẹ̀ ayé, màá wá a kàn."

Ó wá a. Ó wá a títí Ìyá fi dákẹ́ bíbéèrè, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣe Ìyá Onítìmùtìmù bó bá dákẹ́. Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan, Tẹ́ẹ́rẹ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Màámi! Mo ti rí Onírùngbọ̀n!"

Onírùngbọ̀n ni olórí ẹgbẹ́ wọn láyé àtijọ́, òun ló ń kọrin tó sì ń ta gìtá olóhùn tínrín. Gbogbo èèyàn rò pé ó ti kú. Kò kú, ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Tẹ́ẹ́rẹ́ ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ti bẹ̀ ẹ́ kó wá ta gìtá fún ìwọ̀nba èèyàn nínú ṣọ́ọ̀bù, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, láìsí ariwo, láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ó sì ní àwo náà, Màámi. Ó máa gbé e bọ̀. Ẹ̀yin ló máa fún."

Ìyá di ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì mú. "Ó pé?"

"Ó pé. Ó ní etí rẹ̀ kán díẹ̀, bí ẹni pé eku gé e jẹ, ṣùgbọ́n kò dé ibi orin rárá. Orin pé pérépéré."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, "ó pé" nìkan ni Ìyá Onítìmùtìmù gbọ́.

"Ohun tó kù ni pé kò sí àyè fún àga," Tẹ́ẹ́rẹ́ wí. "Mo rò ó pé tí ẹ bá lè bá mi rán tìmùtìmù, kí àwọn èèyàn jókòó nílẹ̀..."

"Ìwọ! Gbogbo ìdí tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ lọ́jọ́ náà, ìdí ọba ni. Lọ fọkàn balẹ̀."

Ó rán tìmùtìmù bí ẹni tó ń rán aṣọ ìgbéyàwó. Ó yan aṣọ aláwọ̀ búlúù, nítorí ọkọ rẹ̀ a máa wọ búlúù. Ó tú òwú pẹ̀lú ọwọ́, ó ń ṣa hóró inú rẹ̀ kúrò, ó ń kọrin láìmọ̀. Ọmọ rẹ̀ dé láti ilé ìwé, ó jókòó tì í, ó ń bá a ti okùn bọ abẹ́rẹ́ nítorí ojú ìyá kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́.

"Ìwọ," Ìyá wí lójijì, "ṣé o ṣì ń gbọ́ ohùn bàbá rẹ lọ́kàn rẹ?"

Ọmọ náà fi okùn sẹ́nu, ó ń rẹ orí rẹ̀. Ó ní, "Mo rántí pé ó máa ń sọ̀rọ̀."

"Mi ò bi ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ ohun tí ẹ bi mí, Màámi." Ó na abẹ́rẹ́ sí i. "Mo máa ń wá a. Ohùn ẹlòmíràn ló máa ń wá."

Ìyá gba abẹ́rẹ́. "Tèmi náà," ló wí. Ó rán ojú kan, ó rán ìkejì. "Láàárọ̀ èní, mo wá a, ohùn onígbàjámọ̀ ló dáhùn. Onígbàjámọ̀, tó ń fi imú sọ̀rọ̀! Mo ní kó jáde lórí mi." Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ló kọ́kọ́ dákẹ́. "Sátidé," ló wí.

Ó di Sátidé. Ó wọ aṣọ tó fún un ju bó ṣe yẹ lọ, ó ní òun ń lọ bá ọkọ òun. Ọmọ rẹ̀ dì í lápá mú. Tẹ́ẹ́rẹ́ ti ti àwọn àpótí àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti tẹ́ tìmùtìmù búlúù sílẹ̀ yíká, ó sì ti fi aṣọ bo ojú fèrèsé kí oòrùn má baà ká àwọn àwo lára. Ibẹ̀ ń run páálí àtijọ́ àti èròjà tó fi ń nu ilẹ̀. Àwọn èèyàn wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: onígbàjámọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, olówò awò ojú, àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tí wọ́n fẹ́ràn ohun àtijọ́ ju ẹni tó gbé ayé àtijọ́ lọ. Wọ́n ń fọwọ́ tẹ tìmùtìmù, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń ṣe "ààà."

Ìyá Onítìmùtìmù wo ilẹ̀, ó wo ara rẹ̀. "Bí mo bá dé ìsàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ẹ ó wá onímọ́tò tó máa fà mí sókè." Wọ́n gbé àpótí onígi kan fún un, wọ́n tẹ́ tìmùtìmù méjì sórí rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ wọn, ó wá a yíká. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó jókòó. Àpótí náà ké.

"Bá mi fara dà á," Ìyá sọ fún àpótí. "Èmi náà ń fara da nǹkan."

Ẹ̀gbẹ́ giramafóònù gan-an ló ní kí wọ́n gbé òun sí. Ó fẹ́ kí etí òun súnmọ́ ọn.

Onírùngbọ̀n wọlé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mú un lọ́wọ́. Irùngbọ̀n náà ti funfun, ó sì ti tán díẹ̀díẹ̀. Bó ti rí Ìyá, ó dúró.

"Ìyàwó wa!"

"Ọkọ mi àtijọ́!"

"Ìyàwó wa, kí ló dé? Ẹ ti di méjì!"

"Mo ń jẹ ìpín ọkọ mi mọ́ tèmi ni."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò jẹ́ kí ọwọ́ náà lọ. "Ẹ máa bínú sí mi," ló wí. "Wọ́n sọ fún mi nígbà tó lọ. Ẹsẹ̀ ni kò gbé mi wá."

"Ẹsẹ̀ ti gbé yín dé báyìí." Ojú Ìyá ti lọ sára páálí tó wà lábẹ́ apá ọmọ Onírùngbọ̀n. "Òun nìyẹn?"

"Òun rèé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ wa nígbà tí a ní eyín, kí wọ́n tó wá gbọ́ èmi nìkan pẹ̀lú èrìgì."

Tẹ́ẹ́rẹ́ gba àwo. Ó yọ ọ́ nínú páálí, ó nù ún láti inú bọ́ sí òde, ó tẹ́ ẹ sórí giramafóònù. Àwo ń yí. Ìyá Onítìmùtìmù di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó pa ojú dé, ó sé èémí, ó ń retí.

Gìtá dún.

Ó dún dáadáa, ó mọ́ gaara, gìtá tínrín lókè, gìtá ńlá nísàlẹ̀, ohùn Onírùngbọ̀n ìgbà èwe gorí wọn. Àwọn èèyàn ti ń mi orí. Ìyá la ojú.

"Dúró," ló wí. Lẹ́yìn náà ló pariwo: "Dúró! O ti fò ó! Dá a padà síbẹ̀rẹ̀!"

Tẹ́ẹ́rẹ́ yára gbé abẹ́rẹ́. "Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, Màámi."

"Kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà níwájú ìbẹ̀rẹ̀. Létí níbẹ̀, létí pátápátá."

"Etí yẹn ló kán." Tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kí Ìyá lè rí i. Ibì kan ti gé kúrò létí àwo náà, kò ju èékánná ọmọdé lọ. "Abẹ́rẹ́ ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan níbẹ̀, Màámi, ẹ má dààmú. Orin pé. Kò sí nǹkan kan tó sọnù."

"Ọkọ mi ló wà níbẹ̀," Ìyá Onítìmùtìmù wí.

Kò pariwo ọ̀rọ̀ yìí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń júwe ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Onírùngbọ̀n, tó ti jókòó pẹ̀lú gìtá lórí itan, fi ọwọ́ bo ojú. Yàtọ̀ sí Ìyá àti ọmọ rẹ̀, òun nìkan, nínú gbogbo wọn, ló mọ ohun tó wà létí àwo náà. Àìmọye ọdún ló sì fi wo ibi tó kán náà láìrò ó pé nǹkan kan lọ.

Tẹ́ẹ́rẹ́ wo Ìyá. Ó wo abẹ́rẹ́ giramafóònù rẹ̀, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mí sí. Ó gbé àwo padà, ó sì gbé abẹ́rẹ́ lé etí tó kán gan-an.

Kò. Kò. Kò. Abẹ́rẹ́ ń kọ lu ibẹ̀ bí àwo ti ń yí, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí àwọn onílé ti kó lọ. Kò. Kò. Lẹ́yìn náà ló fò, ó já sínú orin. Tẹ́ẹ́rẹ́ dá a padà. Kò. Kò. Ó tún fò. Ó dá a padà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹnu abẹ́rẹ́ ti ń ha ohun kan tí kì í ṣe orin mọ́.

"Fi sílẹ̀, ọmọ mi," Ìyá wí. "Má ba abẹ́rẹ́ rẹ jẹ́. Alábẹ́rẹ́ lèmi náà, mo mọ bó ṣe ń dunni." Ó gbìyànjú àtirẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dé ẹnu, ó padà.

Ọmọ rẹ̀ sọ fún un létí pé, "Màámi, ṣé kí á máa lọ?"

"Ká lọ síbo? Bàbá arúgbó yìí ti gun ọkọ̀ wá. Jókòó."

Onírùngbọ̀n tún okùn gìtá rẹ̀ fà. Ó pẹ́ kó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò sọ ọ̀rọ̀ ìkíni. Ó gbé ọwọ́ sórí okùn, gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé orin inú àwo náà ló fẹ́ kọ.

Kò kọ ọ́. Ó dúró. Ó yí orí sí apá òsì rẹ̀, síbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, àfi ògiri àti àpótí àwo, ó sì ń wo ibẹ̀.

Àwọn èèyàn rò pé ó ti gbàgbé orin. Ìyàwó onígbàjámọ̀ mí kanlẹ̀, àánú ṣe é. Ṣùgbọ́n Ìyá Onítìmùtìmù mọ ẹni tó máa ń dúró lápá òsì. Ó mọ ohun tí bàbá náà ń dúró dè. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ọmọ ọdún mẹ́ta lè sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wà láyé yìí tó mọ bó ṣe ń lọ, òun ni. Ó ya ẹnu, ẹnu tí gbogbo títì mọ̀, tó ti bá ọlọ́pàá jà, tó ti lé olè, tó ti pe oníbàárà láti òdì kejì òpópónà. Ó ya ẹnu náà, afẹ́fẹ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Àyè náà ṣófo sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Onírùngbọ̀n wá mi orí díẹ̀, sí apá òsì, bí ìgbà tí wọ́n bá sọ nǹkan fún èèyàn tó sì gbọ́. Ó ta gìtá. Ohùn rẹ̀ ti há, kò lè gun òkè orin mọ́. Ibi tó bá ti ga, á sọ ọ́ dípò kó kọ ọ́. Kò sì sáré. Ó ń rọra lọ, ó ń fi àyè sílẹ̀ láàárín fún gìtá ńlá tí kò sí níbẹ̀, àwọn àyè náà sì dún nínú ikùn Ìyá ju bí okùn ṣe dún lọ. Ó sunkún. Kò nu ojú, kò fi gèlè bo ojú, ó jókòó sórí tìmùtìmù ara rẹ̀, ó sunkún bí ó ṣe ń ṣe ohun gbogbo, pẹ̀lú gbogbo ara. Àpótí ń ké lábẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí eré parí, tí àwọn èèyàn ti kí bàbá tán tí wọ́n ń lọ, Ìyá fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ ọn.

"Ẹ gbọ́ ọ?" ló bi í. "Nígbà tí ẹ dúró yẹn."

"Mo gbọ́ ọ. Ìgbàkigbà ni mo máa ń gbọ́ ọ. Ó máa ń bá mi wí pé mo ń sáré." Bàbá náà wò ó lójú. "Ẹ̀yin kò gbọ́ ọ?"

"Rárá."

Bàbá gbé gìtá kúrò lórí itan rẹ̀.

"Báwo ló ṣe sọ ọ́?" Ìyá wí. "Ẹ bá mi ṣe é. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an."

Onírùngbọ̀n nu ẹnu. Ó fa agbọ̀n rẹ̀ sẹ́yìn, ó wá ohùn sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun: "Ó yá. Ẹ rọra o."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Ewúrẹ́ nìyẹn," Ìyá wí.

"Ewúrẹ́ ni lóòótọ́," bàbá gbà. "Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe." Ó tún un ṣe. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyá bú sẹ́rìn-ín, bàbá náà bú sẹ́rìn-ín, ọmọ ìyá pàápàá tó dúró lẹ́yìn wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí tí bàbá fi ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà ló di pé kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́, wọ́n kàn jókòó, ọwọ́ wọn wà nínú ara wọn.

"Ẹ gbé àwo náà lọ," Onírùngbọ̀n wí. "Tiyín ni. Gìtá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

"Màá gbé e. Màá wá gbọ́ orin náà tán lọ́jọ́ kan. Ọmọ yìí ti ń bẹ̀ mí ó ti pẹ́."

Tẹ́ẹ́rẹ́ fi àwo sínú páálí, ó fi aṣọ yí páálí, ó gbé e lé ọmọ Ìyá lọ́wọ́, kò gbé e fún Ìyá fúnra rẹ̀. Ìyá rí i, ó ní, "O gbọ́n." Ó bọ́ síwájú bí ìṣe rẹ̀, ó ń já lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ìbàdí gbá etí àpótí àwo kan, àwọn àwo inú rẹ̀ sì mì.

"Màámi, ẹ rọra o!" Tẹ́ẹ́rẹ́ ké lẹ́yìn rẹ̀. "Ilẹ̀ gé níbẹ̀ yẹn."

Ìyá Onítìmùtìmù dúró.

Ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ó pé, kò kán níbì kankan. Gbogbo èèyàn ló ní i. Onígbàjámọ̀ ní i, oníbàárà ní i, ẹni tó ń kọjá lọ ní títì tí kò mọ̀ ọ́n rí lè sọ ọ́ fún un bó bá kọsẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò kú. Ohùn tó máa ń gbé e wá ló lọ, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń rán irú rẹ̀.

Kò bojú wẹ̀yìn. "Mo ti gbọ́," ló wí.

Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó wo ilẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀, ó jẹ́ kó dúró dáadáa, kó tó gbé ìkejì tẹ̀ lé e.